Ilẹ̀ Pupa, Ilẹ̀ Dúdú: Ọ̀rọ̀ fún Ọmọ Pobẹ̀ àti Sakété Tó Fẹ́ Di Ẹnjiníà Ilé àti Ọ̀nà

 

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní génie civil níhìn-ín ní Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn ará ìkọjá bodè ní Nàìjíríà ń pè ní civil engineering. Bí òbí bá gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ kọ́ ọ, ìbéèrè méjì ló máa ń tẹ̀lé e: ọdún mélòó ni yóò lò, iṣẹ́ wo ni yóò rí ṣe? Ìbéèrè àgbà ni méjèèjì, n ó sì dáhùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi ọmọ náà lọ́dọọdún títí yóò fi parí: kí lo ti wọ̀n, kí lo ti dán wò? Nítorí gbogbo iṣẹ́ ẹnjiníà kò ju pé kéèyàn má gbé ẹrù lé ohun tí kò tíì mọ agbára rẹ̀. Àwa ará Pobẹ̀ àti Sakété sì ń gbé lórí ilẹ̀ tó lè kọ́ ọmọ ní èyí ju ibi púpọ̀ lọ.

Iṣẹ́ wo la ń sọ?

Ẹnjiníà tó ń tún mọ́tò ṣe ń tọ́jú ohun tó ń yí. Ẹnjiníà tí à ń sọ lónìí ń tọ́jú ohun tí kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀: ilé, ilé ìwé, ọ̀nà, afárá, gọ́tà, ọ̀pá omi, ògiri tó ń dá omi dúró. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tí yóò rántí rẹ̀. Bí kò bá ṣe é dáadáa, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò fara gbá a.

Iṣẹ́ náà pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n kíkọ́ ọ nílé ìwé kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1747 ni ọba ilẹ̀ Faransé dá ilé ìwé afárá àti ọ̀nà sílẹ̀ ní Paris, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ẹnjiníà ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé jọba lé ń tẹ̀lé dòní. Ní ti ọmọ Yorùbá, ẹ rántí Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1864. Ní 1890 ó lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ yìí, ó sì padà wálé ní 1893. Òṣèlú tó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ni ayé fi mọ̀ ọ́n jù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú níbẹ̀ ni ọ̀nà tó gbà kọ́ ọ: abẹ́ ọ̀gá ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ ìlú náà ló wà, ó ń rí omi, ó ń rí ọ̀nà, ó ń rí àṣìṣe, ó sì ń kàwé pọ̀ mọ́ ọn. Ìwé àti ibi iṣẹ́ kò yara wọn nígbà náà. Kò yẹ kí wọ́n yara wọn nísinsìnyí.

Ilẹ̀ méjì, ìwà méjì

Ẹni tó bá ti Àjàṣẹ́ wọkọ̀ wá sí Sakété yóò rí ilẹ̀ pupa lọ́tùn-ún lósì. Terre de barre ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó ń fi èdè Faransé kọ̀wé ń pè é. Òun ni àwọn baba wa pò tí wọ́n fi mọ ògiri. Orí rẹ̀ náà ni ọ̀pẹ wa wà: láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀. Ilẹ̀ pupa ṣeé bá lò, nítorí pé irú amọ̀ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kaolinite, kì í wú tó bẹ́ẹ̀ bí omi bá kàn án. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí òjò bá rin ín gbingbin, agbára rẹ̀ á rọlẹ̀. Bí omi bá sì rí ibi sáré gbà lójú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, kòtò kékeré á di ọ̀gbun, ọ̀gbun á sì máa rìn lọ sí ẹsẹ̀ ilé.

Ẹ wá kọjá Pobẹ̀, kí ẹ kọrí sí àríwá, sí ìhà Ìsàbà àti ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí. Ilẹ̀ á yí padà lójú yín, á di dúdú. Ó wà lára ilẹ̀ tó rì wọlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lama, tó là gúúsù Bẹ̀nẹ̀ kọjá. Lẹ́ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà á sán débi pé ọwọ́ á wọ inú rẹ̀. Lójò, á wú bíi gàrí tí wọ́n da omi sí, á sì di ẹrọ̀fọ̀ tó ń gbé táyà mì. Irú amọ̀ tó wà nínú rẹ̀, smectite, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: omi ń wọ àárín àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀, ó ń tì wọ́n sọ́tọ̀, bí omi bá jáde, wọ́n á tún sún mọ́ra.

Ilẹ̀ yìí ti dá sí ìtàn wa rí. Ní 1914, nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé, ẹrọ̀fọ̀ náà wà lára ohun tó gbèjà wọn, nítorí lásìkò òjò, ọmọ ogun àlejò kò rí ọ̀nà gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìtàn ẹkùn wa lábẹ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé kan tó jáde ní 1976. Kí ọmọ tó fẹ́ di ẹnjiníà wá a kà, kó lè rí bí ilẹ̀ ṣe ń bá ìjọba jà. Ẹ tún wo ojú irin. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní ni reluwé tó gbéra láti Àjàṣẹ́, tó gba Sakété, ti dé Pobẹ̀ láti wá kó epo àti èkùrọ́. Pobẹ̀ náà ló parí sí, lẹ́nu ilẹ̀ dúdú.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ẹnjiníà wò ó. Ká ní ẹ ní àwòrán ilé kan ṣoṣo, sìmẹ́ǹtì kan náà, bírikìlà kan náà. Ẹ kọ́ ọ̀kan sí Sakété, ẹ kọ́ èkejì sí ilẹ̀ dúdú. Èkejì lè là láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn ará ilé á ní bírikìlà ló jí sìmẹ́ǹtì. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe àwọn. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ ilé ló ń gbé ilé sókè lásìkò òjò, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Etí ilé, tí òjò àti oòrùn ń bá, sì ń mì ju àárín tí òrùlé bò lọ. Kò sí ògiri búlọ́ọ̀kù tó lè fara da irú ìyẹn lọ títí.

Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń mọ̀ ọ́n kó tó ṣẹlẹ̀? Ìdánwò mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ pàdé nínú ìmọ̀ ìhùwàsí ilẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti Albert Atterberg, ará Sweden, tó fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní 1911. Òun la fi ń mọ iye omi tí ilẹ̀ á mu kó tó ṣeé pò, àti iye tí á mu kó tó di ẹrẹ̀ tó ń ṣàn. Bí àlàfo àárín méjèèjì bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kéèyàn ṣe máa ṣọ́ra fún ilẹ̀ náà tó. Ìkejì jẹ́ ti Ralph Proctor, ará Amẹ́ríkà, ní 1933. Ó fi hàn pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n omi kan tó fi ń dì jù lọ nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Bí omi bá dín, kò ní dì. Bí omi bá pọ̀ jù, kò ní dì. Ìkẹta ni wọ́n ń pè ní CBR: a ó ti ọ̀pá irin róbótó kan wọ inú ilẹ̀ tí a ti tẹ̀ dáadáa, a ó sì fi agbára tó gbà wé èyí tí òkúta fífọ́ tó dára máa ń gbà. Ìlànà tí wọ́n ń lò fún ọ̀nà ilẹ̀ olóoru ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé béèrè pé kí CBR ìpele ìsàlẹ̀ má dín ní 30, kí ti ìpele tí ọ̀dà yóò jókòó lé má sì dín ní 80. Nítorí náà, bí awakọ̀ típà bá da ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tó ní “èyí dára”, nọ́ńbà ni ẹnjiníà yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ba ọ̀nà jẹ́. Ẹrù náà ń bà á jẹ́. Láàárín 1958 sí 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà wa ọkọ̀ ẹrù léraléra lórí ọ̀nà ìdánwò kan ní Illinois, wọ́n sì rí i pé bí ẹrù orí àsù ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìpalára rẹ̀ sí ọ̀nà á di bí ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Bí awakọ̀ bá fi ìdá márùn-ún kan péré lé e, ìpalára á di bí ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ogún ọdún fi lè gbó ní mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń wo ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì àti ọkọ̀ ọjà tó ń gba àárín ìlú wa lọ sí bodè mọ ohun tí mò ń wí.

Àtúnṣe wà fún ilẹ̀ dúdú. A lè wa ìpìlẹ̀ kọjá ibi tí ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ń dé. A lè kó amọ̀ náà kúrò, kí a fi ilẹ̀ tí kì í wú dípò rẹ̀. A lè po ẹfun ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní láìmù tàbí chaux mọ́ ọn, kí ìwà rẹ̀ rọ̀. A lè lé omi jìnnà sí ẹsẹ̀ ilé àti etí ọ̀nà, kí a má sì gbin igi ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tó ń náni. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni láti fi nọ́ńbà sọ èyí tó tó, kí onílé má bàa ná owó púpọ̀ sí ìpìlẹ̀ tí kò nílò rẹ̀, tàbí kó ná díẹ̀ kó sì pàdánù gbogbo rẹ̀.

Omi òjò náà ní ìṣirò. Mílímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóòró, lítà kan omi ni. Òrùlé tó jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóòró, á da lítà 5,000 sílẹ̀ bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ lọ́jọ́ kan. Òjò Pobẹ̀ sábà máa ń lé ní mílímítà 1,000 lọ́dún. Ẹ bá mi ṣe é: ó lé ní lítà 100,000 lórí òrùlé kan ṣoṣo. Bí kò bá sí ibi tí a là fún un, yóò la ibi tí ó wù ú. Ọmọ kíláàsì kẹrin lè ṣe ìṣirò yìí. Ohun tí yunifásítì ń fi kún un ni bí gọ́tà ṣe gbọdọ̀ jìn tó, bí ó ṣe gbọdọ̀ dagun tó, àti ibi tí omi náà yóò parí sí láì pa aládùúgbò lára.

Òkúta Onígbolo àti ìdánwò kọnkéré

Inú ilẹ̀ kan náà tó ń yọ wá lẹ́nu ni ohun tí à ń fi kọ́lé ti ń wá. Ní Onígbolo, ní kọ́múùnù Pobẹ̀, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀ jẹ́ ẹbí èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ewékorò àti Ìbèṣè ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ní Tabligbo ní Tógò. Abẹ́ òkun ni gbogbo rẹ̀ ti kóra jọ, kí ẹnikẹ́ni tó fa bodè kankan.

Ẹ̀yin bírikìlà mọ iṣẹ́ kọnkéré, mi ò wá kọ́ yín ní ohun tí ẹ mọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò, ìyẹn omi. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Bí a bá fi omi lítà 25 pò ó, ìwọ̀n omi sí sìmẹ́ǹtì jẹ́ ìdajì. Bí ọmọ iṣẹ́ bá wá fi lítà mẹ́wàá kún un kí ó lè rọrùn fún un láti fi ṣọ́bìrì kó, kọnkéré náà á dán, á sì wọ káńpákò wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n omi tí sìmẹ́ǹtì kò lò á gbẹ lọ, á sì fi ihò kéékèèké sílẹ̀. Duff Abrams, ará Amẹ́ríkà, ti fi èyí hàn láti 1918: bí ìwọ̀n omi sí sìmẹ́ǹtì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń dín kù. Lẹ́yìn tí a bá sì ti da á tán, omi tí a kọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ ni a ó wá máa bu wọ̀n ọ́n fún ó kéré tán ọjọ́ méje, kó má bàa gbẹ kó tó dàgbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi mọ́ọ̀dù da àpẹẹrẹ kọnkéré, ó ń fi pamọ́ sínú omi, ó sì ń fi ẹ̀rọ fọ́ ọ lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ibí yìí ni àwa tí a wà létí bodè ti gbọ́dọ̀ la ojú. Ní Bẹ̀nẹ̀, àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jẹ́ róbótó, ó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 16, ó ga ní 32. Ní Nàìjíríà, onígun mẹ́rin ni, sẹ̀ntímítà 15 níhà gbogbo. Kọnkéré kan náà, tí wọ́n bu láti inú ọkọ̀ kan náà, agbára rẹ̀ lè jẹ́ 25 MPa nínú àpẹẹrẹ róbótó kó sì jẹ́ 30 nínú onígun mẹ́rin, nítorí pé ìrísí ohun tí à ń fọ́ ń yí èsì padà. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ méjèèjì pọ̀: C25/30. Ọmọ tó kàwé ní Abomey-Calavi tó wá lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlaròó, tí ẹnì kan sọ fún un pé “kọnkéré wa jẹ́ 25”, gbọ́dọ̀ béèrè pé: nínú àpẹẹrẹ wo? Bí kò bá béèrè, òpó tó yà sórí ìwé kò ní lágbára tó bó ṣe rò.

Ọdún márùn-ún àti ohun tó wà nínú wọn

Mo ṣèlérí láti dáhùn ìbéèrè àwọn òbí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọmọ tó gba bac, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìparí ilé ìwé girama, ní ẹ̀ka C tàbí E ti ní ìpìlẹ̀ ìṣirò. Èyí tó gba F4 ti fọwọ́ kan iṣẹ́ ìkọ́lé láti lycée. Ẹni tó ní D náà lè wọlé síbi kan, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ìṣirò àti físíìsì ń dúró dè é. Orí apresmonbac.bj ni ìjọba ti ń ṣètò yíyan ilé ìwé. Kí ọmọ má ṣe dúró dìgbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ti parí kó tó wò ó.

Ilé ìwé tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu gbogbo ayé ni EPAC, ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Ní 1977 ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Collège Polytechnique Universitaire; ní 2005 ló di École Polytechnique. Yàtọ̀ sí i, UNSTIM wà, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2016, tó ní ilé ìwé iṣẹ́ òde, ENSTP, ní Abomey, àti INSTI ní Lokossa. Ẹni tó bá fẹ́ràn omi àti ọ̀nà oko lè gbọ́ nípa 2iE ní Ouagadougou, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1968 gẹ́gẹ́ bí ilé ìwé tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ ní. Lókè bodè, Polítẹ́kíníkì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìlaròó láti 1979, àwọn yunifásítì Nàìjíríà sì ń kọ́ iṣẹ́ náà fún ọdún márùn-ún.

Níhìn-ín, ọdún mẹ́ta ni licence professionnelle, ọdún márùn-ún ni ti ingénieur. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ sá. Ìṣirò ni, físíìsì ni, kẹ́mísìrì ni, yíya àwòrán ni. Kò sí ilé kan tí wọn yóò kọ́, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé ṣé ibi tó yẹ lòun wà. Kó fara dà á. Ní ọdún kẹta ni ohun gbogbo á bẹ̀rẹ̀ sí í wọra: ìmọ̀ agbára ohun èlò yóò sọ fún un ìdí tí irin fi ń wà nísàlẹ̀ igi kọnkéré tí ẹrù wà láàárín rẹ̀, tó sì ń wà lókè níbi tí igi náà bá yọ jáde kúrò lórí òpó bíi ti bálíkóní. Lẹ́yìn náà ni ìwọnlẹ̀, ìmọ̀ ilẹ̀, ìmọ̀ omi, ọ̀nà, afárá, àti ètò owó iṣẹ́. Ní ọdún karùn-ún, mémoire, ìyẹn ìwé ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́.

Ti iṣẹ́ ńkọ́? Kọ́múùnù ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ọ̀nà àti ilé wà. Ọ́fíìsì àwọn tó ń ya àwòrán wà. Yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ àti kọnkéré wà. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà. Mi ò ní purọ́ fún yín pé iṣẹ́ ń dúró de gbogbo ẹni tó bá jáde. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú: ẹni tó ti fi sítáàjì rẹ̀, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣe nǹkan. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti sọ iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ di ètò ìjọba láti 1973. Níbi gbogbo, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi oṣù sítáàjì jókòó sábẹ́ igi, kí ọ̀gá kan ṣáà ti bá a fọwọ́ síwèé, ara rẹ̀ ló jà lólè.

Ìwé ẹ̀rí àti ìmọ̀

Ẹ má bínú bí mo bá fọwọ́ kan egbò. Lópin ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan láti Nàìjíríà fi hàn gbangba pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kan ní Bẹ̀nẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọdún gbáko kàwé ni ọ̀rọ̀ náà kó ìtìjú bá láìṣẹ̀.

Nínú àwọn iṣẹ́ kan, ìwé ẹ̀rí irọ́ á pa olówó rẹ̀ lára nìkan. Nínú tiwa, ó ń pa ẹni tó sùn. Ẹ rántí ilé àlejò ìjọ Synagogue ní Èkó, tó wó ní oṣù kẹsàn-án 2014 tó sì pa èèyàn 116. Ẹ rántí ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, tó wó ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, tí ó lé ní ogójì èèyàn kú níbẹ̀. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ló fa ìwọ̀nyẹn. Ohun tí wọ́n fi hàn ni iye ẹ̀mí tó ń rọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí à ń sọ. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tó ra ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà, itọ́ ló ń kó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹnjiníà àti bírikìlà

Ọmọ tó bá jáde yunifásítì tó sì rò pé òun ga ju bírikìlà lọ kò tíì kàwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá kan ní Àjàṣẹ́, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil. Iṣẹ́ tí àwọn Àgùdà kó bọ̀ láti òkè òkun, tó ti ọwọ́ ọ̀gá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọwọ́ bírikìlà mọ ohun tí ìwé kò sọ: ó mọ ìgbà tí yanrìn pọ̀ ní amọ̀, ó mọ ìgbà tí òjò ń bọ̀. Ìwé ẹnjiníà mọ ohun tí ọwọ́ kò lè rí: iye ẹrù tí òpó ń gbé, àti iye tó ṣẹ́ kù kó tó ṣẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí ẹnjiníà ń sọ ìdí tó fi ní kí wọ́n má fi omi kún un dípò kó máa jágbe, ilé á dúró.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àpò sìmẹ́ǹtì dẹ́rù bà yín. Iṣẹ́ ẹnjiníà kì í ṣe ẹrù rírù. Ẹni tó lè fi ìṣirò mọ iye irin tó tó nínú dẹ́kìn ni à ń wá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹ mú ilé wá sínú ẹ̀kọ́ yín. Bí ó bá di mémoire, ẹ má lọ kọ nípa afárá tí ẹ kò rí rí. Ìbéèrè kún inú ilẹ̀ wa. Láìmù mélòó ni ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nílò kó tó ṣeé la ọ̀nà lé? Nínú àwọn kòtò ilẹ̀ pupa ní àyíká Sakété, èwo ló yẹ fún ìpele ìsàlẹ̀ ọ̀nà, èwo ni kò yẹ àfi tí a bá fi sìmẹ́ǹtì pò ó? Níbo ni omi ọjà Pobẹ̀ yẹ kó gbà? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwọ̀nyí tó mémoire, ó sì lè gba ilé ẹnìkan là.

Sí ẹ̀yin òbí: kí ẹ tó kọ́lé, ẹ san owó kí wọ́n wo ilẹ̀ náà. Ẹ mú ọmọ yín tó ń kàwé lọ́wọ́, kó dúró ti àwọn tó ń gbẹ́ ẹ.

Sí ẹ̀yin olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì: ẹ fi òrùlé kíláàsì yín kọ́ ìṣirò omi. Ọmọ tó rí i pé lítà 5,000 ti orí òun ṣàn kọjá kò ní béèrè mọ́ pé kí ni ìlọ́po wà fún.

Sí ẹ̀yin olórí kọ́múùnù wa ni ẹ̀bẹ̀ tó ga jù lọ, kò sì náni lówó púpọ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí ọ̀nà pẹ̀lú owó ìlú, ó yẹ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Èsì tí ìlú ti sanwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú sínú àpótí agbaṣẹ́ṣe. Ẹ jẹ́ kí Pobẹ̀ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ tirẹ̀, kí Sakété ní tirẹ̀: ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, bí ó ṣe jìn tó, irú ilẹ̀ tí wọ́n bá, ibi tí omi wà, àti nọ́ńbà tí ìdánwò mú jáde. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á, kí bírikìlà lè béèrè rẹ̀, kí onílé lè wò ó kó tó ra ilẹ̀. Kí ẹ fi àyè sítáàjì méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ tí yóò máa tọ́jú ìwé náà. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bac lónìí á bá ọdún márùn-ún ìmọ̀ nípa ilẹ̀ wọn níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá di ẹnjiníà, wọn ò sì ní máa bẹ̀rẹ̀ láti òfo bí àwọn tó ṣáájú wọn.

  Mo ti ṣe tán láti gba ìbéèrè, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ béèrè.